Kámẹ́rà Bualai Ò Fọ́jú

Rárá o, ẹ má wí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ní ọ̀rọ̀ ti di ti àná, ká jẹ́ ó lọ. Ta lọ̀rọ̀ ti di ti àná fún? Ẹni tó lu èèyàn lè gbàgbé, ẹni tí wọ́n lù ló mọ ibi tó ń dùn ún. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi ń pe Bualai ní Kámẹ́rà-Afọ́jú ní abúlé Nong Khaen yìí. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ orúkọ yẹn ju orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ lọ. Tó bá lọ ra iyọ̀, "Kámẹ́rà-Afọ́jú, ṣé wàá rí iyọ̀ yẹn dé ìdí ọbẹ̀?" Tó bá ń ti oko ìrẹsì bọ̀, "Kámẹ́rà-Afọ́jú, ta ló fà ẹ́ lọ́wọ́ wálé?" Nísinsìnyí tí gbogbo yín ti fojú ara yín rí i pé kámẹ́rà náà ríran jù yín lọ, ẹ wá ní ká jẹ́ ó lọ. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láti ìdí.

Bualai kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́, ká má parọ́ fúnra wa. Tó bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé ẹ̀, ajá tó sùn sí ìpẹ̀kun abúlé á gbé etí sókè. Ẹnu ẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ tún mú ju ẹnu lọ. Kòkòrò sẹ́dà ló ń sìn. Abẹ́ ilé ẹ̀, láàárín àwọn òpó tó gbé ilé dúró, ni pẹpẹ àwọn kòkòrò náà wà, tí wọ́n bá ń jẹ ewé, bí òjò wẹliwẹli ló ń dún. Á sè wọ́n nínú omi gbígbóná, á máa fa òwú lára wọn, òwú tó tín-ín-rín débi pé ojú ẹlòmíì ò lè rí i, àtàǹpàkò lòun fi ń mọ̀ ọ́n. Kò lọ́kọ. Tí wọ́n bá bi í, á ní, "Mo ti wo ọkọ àwọn ẹlòmíì, ó ti tó mi."

Nígbà tó ṣì kéré, ó lọ sí Bangkok, olú ìlú wa, ó ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì nílé iṣẹ́ kan tí ooru ibẹ̀ lè dín ẹyin. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i pé ìyá ẹ̀ ti kú. Ó délé, ó bá pósí nínú ilé, ó bá àwọn àlùfáà Búdà tí wọ́n ń ka àdúrà, ó wá wo fọ́tò tí wọ́n gbé síwájú pósí. Fọ́tò káàdì ìjọba ni, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹ̀yin náà mọ fọ́tò káàdì ìjọba. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ rẹ́rìn-ín wá dà bí ẹni tọ́lọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Bualai ló gbé fọ́tò yẹn rìn níwájú òkú dé ibi tí wọ́n ti sun ún. Gbogbo ọ̀nà ló ń wo ojú yẹn, kò rí ìyá ẹ̀ nínú ẹ̀. Ó wá búra níbẹ̀, kò tiẹ̀ sọ ọ́ síta, pé àgbà Nong Khaen kankan ò ní fi ojú olè wọná mọ́ tí òun bá wà láyé.

Ìdí tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọ̀gá obìnrin kan níbi iṣẹ́, tó ti Taiwan wá, ń padà sílùú ẹ̀, tó ń pín ẹrù, táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń du ìkòkò oníná àti fáànù, kámẹ́rà ni Bualai nawọ́ sí nìyẹn. Ó tóbi díẹ̀, ó ní àwọ̀ fàdákà, bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì ló ń lò, kò sí káàdì nínú ẹ̀, inú ikùn ara ẹ̀ ló ń kó fọ́tò sí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí lo fẹ́ fi yà, kọ́là?"

"Mo fẹ́ fi ya àwọn àgbà ilé wa. Ẹ̀yin ẹ máa fi fáànù fẹ́ra yín."

Ó kó ẹrù ẹ̀, ó padà sílé pátápátá. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, tí à ń ṣe ọdún tuntun wa, táwọn ọmọ ń da omi olóòórùn dídùn sọ́wọ́ àwọn àgbà láti gba ire, Bualai to àwọn àgbà sórí àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù tuntun, ó ti fi òdòdó sí irun àwọn ìyá. Ó ki bátìrì tuntun bọ kámẹ́rà. Kámẹ́rà yẹn, tẹ́ ẹ bá ti yọ bátìrì ẹ̀, ó ti gbàgbé ọjọ́ nìyẹn, á ní kẹ́ ẹ sọ ọdún fún òun kóun tó ṣiṣẹ́.

Baálẹ̀ Sawaeng dé nígbà yẹn. Òun ni olórí abúlé, òun náà ló ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń bú ramúramù lórí òpó láràárọ̀. Ó rí èrò, ó sì rò pé níbi tí èrò bá wà, òun ló yẹ kó wà níwájú.

"Kí ló ń ṣe é?" ló ní.

"Ó ń bèèrè ọdún, Baálẹ̀."

"Gbé e wá. Ohun tó máa gbé àwọn àgbà, olórí ló yẹ kó ṣí i. Kì í ṣe iṣẹ́ afa-òwú."

Ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń gún ata. Gbogbo wa la mọ ọdún tá a wà. Ọdún 2548 ni lónkà tiwa níhìn-ín, a kì í sì í pè é tán, "48" la máa ń pè é, òun la kọ sára ògiri iléèwé, òun la kọ sára àsíá ọdún. Baálẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dé 48, ó wá gbé e sókè bí ẹni tó pa ẹkùn. "Ọdún 48! Ọdún ire!" Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́.

Bualai wo gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó rí i pé ẹ̀rọ náà ti kọ 20 síwájú 48 yẹn fúnra ẹ̀. Ó ya ẹnu. "Baálẹ̀, nọ́ńbà tó wà níwájú yìí kò..."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́dún tí mo wà?"

Oòrùn ń mú àwọn àgbà. Bualai pa ẹnu dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí obìnrin yìí gbé ọ̀rọ̀ mì láyé ẹ̀ nìyẹn, ẹ sì wo ohun tó fojú ẹ̀ rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Ó kan Ìyá Àgbà Thongmuan, ìyá Lamduan ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ìyá yìí kì í rẹ́rìn-ín síwájú kámẹ́rà. Ó wà lára àwọn àgbà ìjọ́un tí wọ́n ń rún ewé àti èso kan pẹ̀lú ẹfun lẹ́nu bí obì, tí eyín wọn fi dúdú bí èédú. Ojú ń tì í. Tí kámẹ́rà bá ti yọjú, ọwọ́ á bo ẹnu.

Bualai rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ rọra wo ẹ̀yìn mi. Baálẹ̀ rò pé òun ni mo ń yà, ó ń fa ikùn sínú."

Ìyá Àgbà wò ó. Lóòótọ́ ni, Sawaeng dúró níbẹ̀, ó ti fa ikùn sínú, ó ti gbé àyà jáde, ojú ẹ̀ ti pọ́n níbi tó ti ń há èémí mọ́ra. Ẹ̀rín bú yọ lẹ́nu ìyá arúgbó, ọwọ́ já bọ́ lẹ́nu ẹ̀, eyín dúdú jáde, omi bọ́ lójú ẹ̀. Kámẹ́rà dún. Bualai yí gíláàsì ẹ̀yìn sí i. Ìyá Àgbà rí ara ẹ̀, ó gbá a lápá.

"Pa á rẹ́, ìwọ ọmọ burúkú!"

"N ò ní pa á rẹ́ láéláé."

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó rí fọ́tò náà. Àwọn méjèèjì rí i. Baálẹ̀ pẹ̀lú rí ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀ ò sì dùn.

Àwọn ọ̀dọ́ wá gbé ọkọ̀ wọn tó kún fún àgbá omi dé. Ẹ mọ ọjọ́ ọdún yẹn, kò sẹ́ni tí wọn kì í da omi lé lórí. Ọ̀kan da odindi garawa lé Bualai lórí látẹ̀yìn. Ọ̀rá tó fi wé kámẹ́rà ò gbà á. Gíláàsì ẹ̀yìn ṣú, kò sì mọ́lẹ̀ mọ́ láéláé.

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nílùú. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ohun tó ń gba fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà ṣí, ó wò, ó ní kò sí fọ́tò tuntun kankan. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù mirí. "Omi ti jẹ ẹ́, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n nu inú ẹ̀ dànù, kó dà bí tuntun. Ẹ tún wọn yà lọ́dún tó ń bọ̀."

"O fẹ́ nu wọ́n dànù? Ṣé o mọ ọjọ́ orí àwọn tó wà nínú ẹ̀? Ìwọ lo máa bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dọdún tó ń bọ̀?"

Ó já a gbà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì, àti òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: kò sí fọ́tò, ẹ jẹ́ ká nù ún. Kò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń yin obìnrin yìí, kó wo ibẹ̀ yẹn. Ẹlòmíì á ti gbà. Ìgbà tí gbogbo àwọn tó mọ̀wé kọ̀ǹpútà ti sọ pé kò sí nǹkan, ta ló máa tún máa jiyàn? Bualai jiyàn. "Mo fojú mi rí i," ló ń wí. "Ohun tí mo bá ti rí, ẹ̀rọ ò lè sọ pé n ò rí i."

Ọjọ́ kejì tó dé, gbohùngbohùn Baálẹ̀ bú láàárọ̀. Ó kọ́kọ́ sọ ti abẹ́rẹ́ ajá, ó sọ ti omi ẹ̀rọ tó máa dá. Ó wá ní, "Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó sínú oòrùn torí Bualai, ẹ má dúró de fọ́tò mọ́. Kámẹ́rà ẹ̀ fọ́jú. Ẹnu ẹ̀ nìkan ló ríran."

Gbogbo abúlé gbọ́. Ẹ̀rín ń ti ilé dé ilé. Bualai ń fa òwú lára kòkòrò lórí iná nígbà yẹn, òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe dúró tó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ó di kámẹ́rà sínú ìró sẹ́dà, ó tì í sínú àpótí. Bí àgbà kan bá kú, á ṣí àpótí, á wò ó, á tún tì í. Àwọn ọmọ olóògbé á gbé fọ́tò káàdì ìjọba lọ síwájú òkú, ojú olè, ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bualai á máa rìn lẹ́yìn, ẹnu ẹ̀ á wúwo.

Bí ọdún mẹ́wàá ṣe gorí ẹ̀ nìyẹn, lásìkò ìkórè ìrẹsì, Ìyá Àgbà Thongmuan sùn, kò jí. Wọ́n gbé fọ́tò síwájú pósí. Ẹ̀yin náà rí fọ́tò yẹn, ẹ má díbọ́n. Ojú ìyá náà dà bí ẹni tó ṣí ìkòkò ẹja jíjẹrà, tí òórùn ẹ̀ gbá a nímú. Ọmọ-ọmọ kan tiẹ̀ sunkún nígbà tó rí i, kì í ṣe torí ìbànújẹ́, ẹ̀rù ló bà á.

Bualai wọlé, ó tan tùràrí, ó kúnlẹ̀, ó wo fọ́tò. Ó yíjú sí Lamduan. "Gbé èyí kúrò. Ìyá ẹ wà lọ́dọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín."

Lamduan, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ wẹ̀ nínú odò kan, fò dìde. "Bualai! Níwájú pósí ìyá mi? O ò tíì parọ́ yẹn tán?"

"N ò parọ́ rí."

"Ọdún mẹ́wàá! Ìyá mi bi mí títí pé fọ́tò òun dà. Ọjọ́ kan wà tó wù ú kó rí i, tó ní bóyá eyín òun ò tiẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbàgbé ẹ̀, mo ní kámẹ́rà afọ́jú ni. Kí lo fẹ́ kí n ṣe báyìí?"

"Fún mi láyè títí dìgbà tí wọ́n máa gbé e lọ síbi iná. Tí n ò bá mú un wá, ìwọ fúnra ẹ gba gbohùngbohùn Baálẹ̀, kó o bú mi."

Ọ̀la ni wọ́n máa sun ún. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò sí méjì: bóyá Ìyá Àgbà Thongmuan máa wọná pẹ̀lú ojú tirẹ̀ tàbí ojú ẹlòmíì.

Bualai lọ sílé, ó ṣí àpótí. Ó ti gbàgbé bátìrì méjì yẹn sínú kámẹ́rà lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n ti bẹ́, wọ́n ti tú nǹkan funfun àti aláwọ̀ ewé jáde, ó ti lẹ̀ mọ́ irin inú ẹ̀. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó fi ẹnu òwú tó rì sínú omi ẹ̀ máa nu irin náà, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń nu ojú òwú sẹ́dà, títí irin fi tàn. Ó sá a sí oòrùn. Ìdérí ibi bátìrì ti kán, ó fi òwú sẹ́dà dè é yíká. Ó ki bátìrì tuntun sí i. Iná kékeré kan tàn níwájú ẹ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn ṣú síbẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà jí. Bualai sọ fún un pé, "O ti sùn tó, ìwọ olóorun yìí."

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó sún mọ́ wọn wà ní tẹ́ńpìlì, àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílùú ńlá ló rà á fún wọn. Àlùfáà Khamsing ló ń bójú tó o. Kó tó gba aṣọ àlùfáà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, apá ẹ̀ kún fún àwòrán ẹkùn àti ejò tí wọ́n fín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ò gbọ́dọ̀ dá wà nínú yàrá pẹ̀lú àlùfáà, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọ́dọ̀ ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lamduan ni Bualai fà lọ́wọ́ lọ, pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Kí n wá rí òfo," ni Lamduan ń wí lójú ọ̀nà.

Àlùfáà tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Bualai gbé kámẹ́rà lé aṣọ, ó gbé wáyà lé e, ó sún sẹ́yìn. Àlùfáà mú wáyà, ó ki orí kan bọ kọ̀ǹpútà, ó ki èkejì bọ kámẹ́rà. Kọ̀ǹpútà dún. Ó tún dún, ó sì dákẹ́. Kámẹ́rà ti já.

"Ẹnu wáyà yìí ti gbó," ni Àlùfáà wí. "Àfi kẹ́nì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní ìdagẹ̀rẹ̀. Tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, n ò lọ́wọ́ tí mo fi máa tẹ kọ̀ǹpútà."

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá, kí n tẹ̀ ẹ́."

Ó gbé e sílẹ̀ lórí aṣọ. Bualai mú un. Wọ́n wá jókòó síhà méjèèjì tábìlì, wáyà nà láàárín wọn.

"Ṣé kò léèwọ̀ báyìí?" ni Lamduan béèrè. "Wáyà kan ló so yín pọ̀ un."

"Kọ̀ǹpútà wà láàárín," ni Àlùfáà dáhùn. "Kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, ọ̀lẹ ni."

Kọ̀ǹpútà náà ń ronú, ó ń ronú, kò ṣe nǹkan kan.

"Bọ́ọ̀sì mi náà nìyí gan-an," ni Àlùfáà wí. "Kì í ṣiṣẹ́ àfi tí mo bá bú u. Aṣọ yìí ò jẹ́ kí n bú nǹkan mọ́. Bualai, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bú u."

Bualai ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ìwọ àpótí olórí dídì yìí! Ìwọ tí wọ́n ń fi iná tẹ́ńpìlì bọ́, tó o jókòó bí àna ọlọ́lá! Ẹfọ̀n tó wà ní oko Lamduan gbọ́n jù ẹ́ lọ, ó mọ̀gbà tí wọ́n ń pè é!"

Lamduan ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà dún. Ohun tó ń gba fọ́tò ṣí, ó wò yíká. Ó wá kọ ọ́ síwájú wọn: kò sí fọ́tò tuntun kankan.

Ọ̀rọ̀ kan náà. Ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan náà.

Lamduan dìde. Kò tiẹ̀ bínú mọ́, ìyẹn ló burú jù. "Ó ti tó, Bualai. O gbìyànjú. Jẹ́ ká lọ múra òkú."

Bualai ò dìde. Àtàǹpàkò ẹ̀ ti funfun níbi tó ti ń tẹ wáyà. Ó ń wo ọ̀rọ̀ yẹn lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo ọ̀tá.

"Bàbá, ta ló ń sọ pé kò sí?"

"Ohun tó ń gba fọ́tò ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa yọjú sínú kámẹ́rà, kó mú èyí tó jẹ́ tuntun."

"Ìyẹn ni pé ẹnu ọ̀nà ló wà. Ajá ẹnu ọ̀nà ni. Tí mo bá délé ẹlòmíì, tí ajá ẹnu ọ̀nà ní kò sẹ́nì kan nílé, ṣé ajá ni mo máa gbà gbọ́? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ, ajá yìí kan náà ni wọ́n ń bi. Ṣé ilé náà ò lẹ́yìnkùlé?"

Àlùfáà Khamsing wò ó. Ó fọwọ́ ra orí ẹ̀ tó fá. "Ó lẹ́yìnkùlé," ló ní. Ó lé ajá yẹn lọ, ó pa á dé pátápátá. Ó ṣí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ bí ẹni ń ṣí àpótí, kò bèèrè tuntun, kò bèèrè àtijọ́, ó ní kí gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ jáde.

Wọ́n jáde. Wọ́n tò sílẹ̀ gbọọrọ, kò sí ojú lára wọn, orúkọ lásán àti ọdún ni. Àlùfáà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan kọ̀ǹpútà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ejò apá ẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ọdún 2591 ló wà lára wọn. Fọ́tò yìí... ẹ ò tíì yà á. A ò tíì dé ọdún yẹn!"

Ajá ẹnu ọ̀nà ò kúkú mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má wo ohun tó bá kọjá òní, torí kò sẹ́ni tí í ya fọ́tò ọ̀la. Ó wò títí dé òní, ó rí òfo, ó ní òfo.

"Ẹ ṣí ọ̀kan, Bàbá," ni Bualai wí. Ohùn ẹ̀ kéré. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí.

Ó ṣí ọ̀kan. Bàbá Àgbà kan tó ti kú tipẹ́, òdòdó létí. Ó ṣí òmíràn. Ó wá ṣí ti Ìyá Àgbà Thongmuan. Ẹnu ṣí gbayawu, eyín dúdú ń dán, omi lójú, ọwọ́ tó já bọ́ ṣì wà lófuurufú lábẹ́ àgbọ̀n.

Lamduan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá," ló ní. "Màmá mi! Ẹ wo eyín yín! Ẹ wo bí eyín yín ṣe dára!" Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó fi orí gbá orúnkún Bualai. Bualai ò lè gbá a mọ́ra, torí ó ń tẹ wáyà. "Má mi mí," ló ń wí, omi ń já bọ́ lójú òun náà. "Má mi mí, kò tíì kó wọn tán."

Ìgbà tí wọ́n kó wọn tán sínú kọ̀ǹpútà ni Bualai ṣẹ̀ṣẹ̀ ju wáyà sílẹ̀. Àlùfáà wá mú bébà, ó ṣe ìṣirò. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí Búdà ti fayé sílẹ̀ la ti ń ka ọdún tiwa. Àwọn tó ṣe kámẹ́rà ní tiwọn, tiwa sì fi 543 ju tiwọn lọ. Ọdún tí à ń pè ní 2548, 2005 ni wọ́n ń pè é. Kámẹ́rà ń retí pé kí wọ́n sọ ọdún tiwọn fún òun. Ẹni kan tẹ 48 sí i. Òun náà kọ ọ́ sílẹ̀: 2048. Kọ̀ǹpútà tẹ́ńpìlì wá yí i sí tiwa, ó di 2591.

"Ta ló tẹ 48?" ni Àlùfáà béèrè.

Bualai àti Lamduan wo ara wọn. Lamduan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún un."

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà," ni Bualai wí. "Mo rí 20 yẹn. Ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun lọ́dún tóun wà."

Àlùfáà ká bébà ẹ̀. "Ìyá Àgbà ṣáá ti ṣe dáadáa. Àwa ṣì ń bẹ̀ fún ayé tó ń bọ̀, òun ti lọ rẹ́rìn-ín síbẹ̀ ná."

Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Ìyá Àgbà Thongmuan lọ síbi iná. Lamduan ló yẹ kó gbé fọ́tò tuntun tí wọ́n tẹ̀ jáde níwájú, òun lọmọ. Ó gbé e fún Bualai. Bualai gbé e sí àyà, ó ń rìn níwájú pósí, eyín dúdú yẹn ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn náà sì ń rẹ́rìn-ín padà, wọ́n ń nu ojú. Ẹ rántí. Gbogbo yín wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ojú olè ló wọná lọ́jọ́ náà.

Bualai tẹ gbogbo àwọn tó kù nínú kámẹ́rà, ó gbé wọn kọ́ sára ògiri tẹ́ńpìlì. Àwọn tí bàbá wọn ti kú wá, àwọn tí ìyá wọn ti kú wá, wọ́n dúró síwájú ògiri yẹn, wọn ò lè lọ. Ọkùnrin kan tó jẹ́ pé òun ló máa ń pariwo Kámẹ́rà-Afọ́jú jù fọwọ́ kan iwájú orí bàbá ẹ̀ nínú fọ́tò, ó gbé àpò ìrẹsì kan lọ sábẹ́ ilé Bualai láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ṣe dáadáa. Bualai gbà á, ó tún bú u nítorí pé ìrẹsì náà lókùúta. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn.

Baálẹ̀ Sawaeng náà wá. Ó jẹun níbi òkú, ó bu ọbẹ̀ kún. Ó dúró síwájú fọ́tò Ìyá Àgbà, ó ní, "Kámẹ́rà ìgbà yẹn ò rọrùn." Lamduan wí fún un níbẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, pé òun ló tẹ 48. Ó mirí, ó ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́, ó nu ọwọ́, ó lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, gbohùngbohùn bú. Bualai gbé igbá òwú sílẹ̀, ó jókòó, ó gbétí. Ohùn Baálẹ̀ sọ ti ajílẹ̀ tó ti dé. Ó sọ ti màlúù ẹnì kan tó já. Ó dákẹ́. Ó pa á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká jẹ́ ó lọ, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fọ́tò ti jáde, òkú ti rí ojú ara ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ gbé sára alààyè ṣì wà lára ẹ̀. Kì í ṣe ẹnu lásán lẹ fi sọ ọ́, orí òpó lẹ ti sọ ọ́, débi tí ajá ìpẹ̀kun abúlé gbọ́ ọ. Orí òpó náà ni kẹ́ ẹ ti sọ ìyókù. Baálẹ̀ Sawaeng, àtàǹpàkò yín ló tẹ 48. Ẹnu yín ló pè é lẹ́nu-nìkan-ló-ríran. Òpó yẹn ṣì dúró, iná wà lára ẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dání. Àárọ̀ wo lẹ máa ṣí i, kẹ́ ẹ sọ fún Nong Khaen ẹni tó fọ́jú? Ẹ dáhùn.